Àmì Wi-Fi kún, íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé: àlàyé bí a ṣe ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé

Bí fóònù yín bá sọ pé òun ti so mọ́ Wi-Fi, tí àmì rẹ̀ kún dé òkè, síbẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣí, fóònù náà kò parọ́. Ọ̀nà méjì ni ohun tí ẹ fẹ́ kà tàbí wò ń gbà kó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀kan wá láti ìta, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì fún, ó sì parí sára ẹ̀rọ kékeré kan nínú ilé. Èkejì bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀rọ yẹn, ó gba inú afẹ́fẹ́ dé ara fóònù. Ọ̀nà kejì yìí nìkan là ń pè ní Wi-Fi, òun nìkan náà sì ni àmì tó wà lójú fóònù ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àmì lè kún fọ́fọ́ nígbà tí ọ̀nà àkọ́kọ́ ti já láti àná.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹni tí Wi-Fi kò dé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ á lọ sanwó kún owó kí wọ́n lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, yàrá ẹ̀yìn kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń falẹ̀ láti ìta á lọ ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, èyí tó jẹ́ olówó gọbọi. Bó ṣe ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni á máa falẹ̀, àfi pé ẹ̀rọ tuntun ní ọwọ́ (áńtẹ́nà) mẹ́jọ tó nà sókè.

Kí ló wà nínú àpótí yẹn?

Módẹ́ẹ̀mù ló ń kojú ìta. Íntánẹ́ẹ̀tì lè gba inú wáyà tẹlifóònù wọlé, tàbí wáyà tẹlifíṣọ̀n, tàbí okùn fáíbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá; ó lè wá láti ara káàdì SIM tàbí sátẹ́láìtì. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù ni láti sọ ohun tó bá wá di èyí tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Níbi tó bá jẹ́ fáíbà ló wọlé, ONT ni wọ́n ń pe àpótí tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ráútà ló tẹ̀lé e: òun ló ń pín ohun tó wọlé fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé. Rédíò tó ń tan Wi-Fi sínú afẹ́fẹ́ ni ẹ̀yà kẹta, access point ni wọ́n ń pè é.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú àpótí kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá, kálukú sì ń pè é bó ṣe wá sí i lẹ́nu. Kò burú. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ míì kún un, ẹ kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tí èyí tó wà nílẹ̀ ń ṣe.

Báwo wá ni íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ṣe ń tó fóònù mẹ́rin, kọ̀ǹpútà méjì àti tẹlifíṣọ̀n? Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ádírẹ́sì. Ètò ádírẹ́sì àtijọ́ tí a ṣì ń lò, IPv4, kò ní ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì tó gbogbo ẹ̀rọ ayé. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fún ilé kan ní ádírẹ́sì kan péré, ráútà ló sì ń gbà á. Ráútà wá fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ádírẹ́sì abẹ́lé, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ inú ilé àti inú ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí ádírẹ́sì fóònù yín fi lè bá ti fóònù ẹlòmíì ní òpin ayé mu rẹ́gí láìsí ìjà.

Ẹ fojú inú wo agboolé ńlá kan tó ní ẹnu ọ̀nà kan àti oníbodè kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà síta, oníbodè ló ń fún. Oníbodè á fi orúkọ agboolé rọ́pò orúkọ ẹni náà lára lẹ́tà, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé yàrá báyìí ló ránṣẹ́. Bí èsì bá dé, á wo ìwé, á gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Lẹ́tà tí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ nínú ilé, kò rí ibi gbé e lọ, á sọ ọ́ nù. NAT lorúkọ iṣẹ́ ìwé yìí. DHCP ni ti pínpín ádírẹ́sì. IPv6, ètò ádírẹ́sì tuntun, ní ádírẹ́sì tó pọ̀ débi pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ kò sì ní láti fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.

Gbígbé e kalẹ̀

Ẹ yí ẹ̀yìn ráútà síwájú. Ihò kan á dá yàtọ̀, ní àwọ̀ tàbí ní ibi tó wà, wọ́n á sì kọ WAN tàbí Internet sí i. Ibẹ̀ ni wáyà tó ti ara módẹ́ẹ̀mù wá ń wọ̀. Àwọn ihò yòókù, tí wọ́n kọ LAN sí, ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé ni. Ẹni tó bá ki wáyà ìta bọ ihò LAN lè rí Wi-Fi tó jáde dáadáa, tí fóònù so mọ́, tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀.

Módẹ́ẹ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Ẹ dúró títí iná rẹ̀ á fi dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, kí ẹ tó tan ráútà. Orúkọ Wi-Fi àti páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe é wá pẹ̀lú wà lára sítíkà abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà so mọ́ ọn, kí ẹ ṣí browser, kí ẹ tẹ ádírẹ́sì tó wà lára sítíkà kan náà; 192.168.0.1 àti 192.168.1.1 ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí a ti ń kọ ádírẹ́sì, kì í ṣe síbi tí a ti ń wá nǹkan. Àwọn ráútà ìsinsìnyí míì ní áàpù tiwọn, ìyẹn náà dára.

Páásíwọ́ọ̀dù méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ ń fún àlejò kó lè lo Wi-Fi. Èkejì ni ti ọ̀gá ẹ̀rọ, èyí tí a fi ń wọ inú ráútà lọ yí ètò rẹ̀ padà. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yí ni àkọ́kọ́. Èkejì á wà bí wọ́n ṣe rà á, ó sì lè jẹ́ “admin” lásán. Ní ọdún 2016, kòkòrò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Ńṣe ló kàn ń dán àwọn páásíwọ́ọ̀dù tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi sí i wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó bá ṣí á fi ṣí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ yìí jọ láti fi kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ìkànnì ńlá tọ́ka ọ̀nà fún ẹni tó bá ń wá wọn, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí ṣí fún wákàtí mélòó kan. Nítorí náà páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí ẹ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ firmware sí, ìyẹn ètò inú ráútà tó ń darí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun. Bó bá lè máa ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ tan ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀rọ náà lè béèrè irú ìsopọ̀ tí ẹ ní. Bí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kò bá fún yín ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù kankan, ẹ fi í sílẹ̀ lórí èyí tó ń gba ádírẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín, á jẹ́ pé PPPoE ni, ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ ọ́ sí.

Ní ti ráútà méjì: bí àpótí ilé-iṣẹ́ bá ti ń ṣe iṣẹ́ ráútà, tí ẹ tún gbé ráútà tiyín sẹ́yìn rẹ̀, oníbodè méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà kan nìyẹn. Ìkànnì á ṣì máa ṣí, ṣùgbọ́n eré orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpè olójúkojú lè máa já, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó so mọ́ àpótí àkọ́kọ́ sì lè di ohun tí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ èkejì kò rí mọ́. Ẹ yí ti ilé-iṣẹ́ sí bridge kó di módẹ́ẹ̀mù lásán, tàbí kí ẹ yí tiyín sí access point kó máa tan Wi-Fi nìkan. Kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Fífi méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà ni kò dára.

Orúkọ, kọ́kọ́rọ́ àti àlejò

Ẹ má fi orúkọ ìdílé tàbí nọ́ńbà ilé ṣe orúkọ Wi-Fi. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ́nà ló ń rí i.

Níbi ààbò, ìyẹn irú kọ́kọ́rọ́ tí ráútà fi ń ti Wi-Fi, WPA3 ni kí ẹ yàn. Bí ẹ̀rọ àtijọ́ kan bá kọ̀ ọ́, ẹ yàn èyí tó da WPA2 àti WPA3 pọ̀, tàbí WPA2 nìkan. Bí ẹ bá rí WEP níbẹ̀, ẹ sá fún un. WEP bá Wi-Fi wáyé ní 1997, ṣùgbọ́n láti 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé já. WPA dé ní 2003 láti fi dí ihò náà fúngbà díẹ̀, WPA2 tẹ̀lé e ní 2004, WPA3 sì dé ní 2018. WPA2 gba páásíwọ́ọ̀dù láti ẹyọ 8 dé 63. Gígùn ló ń ṣe olè níyà ju àwọn àmì kẹ́tikẹ̀ti lọ: ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, tí ẹ tò tẹ̀léra, le ju P@ss1234 lọ fíìfíì, ó sì rọrùn láti ka sí àlejò létí.

WPS ni bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ so mọ́ Wi-Fi láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù. Bọ́tìnì fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Nọ́ńbà PIN tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ìṣòro: ẹyọ mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ráútà ń yẹ ìdajì àkọ́kọ́ wò lọ́tọ̀, ìdajì kejì lọ́tọ̀, ẹyọ tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ èyí tí a lè ṣírò láti ara àwọn yòókù. Ohun tó yẹ kó gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbìyànjú wá di 11,000 péré. Láti 2011 ni wọ́n ti tú àṣírí èyí. Ẹ pa á.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi orúkọ Wi-Fi pamọ́. Mi ò rí èrè níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á ṣì rí i láìpẹ́, fóònù yín náà á sì máa pe orúkọ tó fara pamọ́ yẹn kiri níbikíbi tí ẹ bá gbé e dé, bóyá ó wà nítòsí. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni Wi-Fi àlejò, guest network, tí ọ̀pọ̀ ráútà ní. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ á rí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní rí kọ̀ǹpútà yín. Kámẹ́rà, gílóòbù àti àwọn ẹ̀rọ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí ẹni tó ṣe wọ́n kì í rántí tún wọn ṣe, ibẹ̀ ni kí ẹ dà wọ́n sí.

2.4, 5, àti “5G” tí kì í ṣe 5G

Bí ẹ bá rí orúkọ Wi-Fi méjì lára ráútà kan, tí wọ́n kọ 5G sí ìdí ọ̀kan, kò bá 5G ti fóònù tan rárá. Ìgbì rédíò tó wà ní 5 GHz ni wọ́n ń sọ. Èkejì wà ní 2.4 GHz. Àwọn ráútà tuntun kan tún ní 6 GHz.

2.4 máa ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá ju 5 lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀ jù. Bluetooth wà níbẹ̀, ààrò microwave ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, Wi-Fi gbogbo aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Channel, ìyẹn àwọn ojú ọ̀nà tí wọ́n pín ìgbì náà sí, tó lè dúró láìgun orí ara wọn kò ju mẹ́ta lọ ní ọ̀pọ̀ ibi: 1, 6 àti 11. Ẹni tó yàn 3 nítorí ó rò pé ibẹ̀ dá páropáro ti fi ẹsẹ̀ kan sórí 1, ó fi èkejì sórí 6. 5 GHz ní àyè púpọ̀, ó yára jù, ṣùgbọ́n ògiri máa ń tètè pa á. Ẹ lo 5 fún ohun tó bá wà nítòsí ráútà tó sì ń gba dátà púpọ̀, irú bíi tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi 2.4 sílẹ̀ fún ohun tó jìnnà. Ọ̀pọ̀ gílóòbù àti kámẹ́rà kékeré kò mọ̀ ju 2.4 lọ. Bó bá kọ̀ láti rí Wi-Fi yín nígbà tí ẹ ń so ó, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ibi tí ráútà jókòó sí

Nǹkan ọ̀fẹ́ tó ń tún Wi-Fi ṣe jù lọ ni yíyí ráútà nípò, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe, torí wáyà tó wọlé kúrú tàbí torí ẹ̀rọ náà kò dùn ún wò. Ẹ gbé e sí àárín ilé bí ó bá ṣeé ṣe, sókè díẹ̀, níta gbangba. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Irin ló ń dá ìgbì padà jù, èyí tó wà nínú kọnkéré náà kò gbẹ́yìn. Dígí ńlá ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Omi ń gbé ìgbì mì, torí náà àgbá omi tàbí àpótí ẹja tó wà láàárín ráútà àti àga yín kì í ṣe ohun kékeré.

Ọwọ́ ráútà tó nà sókè kì í yọ Wi-Fi láti ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà jáde, yíká. Bí ilé bá jẹ́ ilẹ̀ nìkan, ẹ nà wọ́n sókè gbọọrọ. Bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá wà, ẹ tẹ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kí ìgbì tirẹ̀ lè gba òkè àti ìsàlẹ̀.

Bí yàrá kan kò bá ṣì rí nǹkan kan, wáyà ló ga jù. Wáyà Ethernet lè dé mítà 100, ẹ sì lè fi access point sí ìdí rẹ̀. Repeater olówó pọ́ọ́kú ń gbọ́, ó tún ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ lórí rédíò kan náà, nítorí náà ìyára á fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì. Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé e sínú yàrá tí kò rí Wi-Fi gan-an. Ohun tí kò gbọ́ kò ní rí nǹkan sọ. Àárín ọ̀nà ni ibi tirẹ̀. Mesh, ìyẹn ẹ̀rọ mélòó kan tó jọ ń tan Wi-Fi kan náà káàkiri ilé, dára jù ú, pàápàá èyí tó ní rédíò ọ̀tọ̀ tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tàbí tí ẹ bá fi wáyà so wọ́n pọ̀.

Ìyára tí wọ́n tà fún yín

100 Mbps kò túmọ̀ sí pé fáìlì tó tóbi tó 100 MB á wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bit ni Mbps ń kà, byte ni MB ń kà. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, nítorí náà 12.5 MB ni ẹ ó rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ká ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Fíìmù HD kan kì í gbà ju bíi 5 Mbps lọ, 4K sì wà láàárín 15 sí 25. Bí ilé yín kò bá ní ju èèyàn mélòó kan tó ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè má nílò iye ńlá tí wọ́n ń pariwo rẹ̀.

Lórí Wi-Fi, ẹ̀rọ kan ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí channel kan. Fóònù àtijọ́ tó wà ní ìpẹ̀kun ilé ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba àkókò àwọn yòókù. Ohun tí ẹ bá lè fi wáyà so, tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ so ó, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń rìn kiri.

Bí kò bá sí ráútà rárá, fóònù lè ṣe iṣẹ́ náà. Hotspot ni a ń pè é: SIM ni módẹ́ẹ̀mù, fóònù ni ráútà. Ó ń jẹ bátìrì, ó sì ń gbóná. Kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn lè má mọ̀ pé dátà tí ẹ ń rà ní ìwọ̀nba ni, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí gba àtúnṣe ńláńlá wọlé láìbéèrè. Lórí Windows, ẹ sọ hotspot náà di metered connection, ìyẹn ìsopọ̀ tí dátà rẹ̀ ní ìwọ̀n. Lórí Mac, Low Data Mode ni.

Bí nǹkan bá dákẹ́

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo ẹ̀rọ ni tàbí ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni. Ẹ jẹ́ kó gbàgbé Wi-Fi náà kí ẹ tún un so. Bí ádírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí ádírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà nìyẹn, ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ẹ pa méjèèjì, ẹ tan módẹ́ẹ̀mù ṣáájú ráútà. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré tí wọ́n kọ Reset sí, àyàfi bí ẹ bá ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá pátápátá. Kì í ṣe pípa àti títàn ni ó ń ṣe. Ó ń pa gbogbo ètò rẹ́ ni, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí sítíkà.

Bó bá ń falẹ̀ dípò kó dákẹ́, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà kí ẹ wọn ìyára rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí Wi-Fi ní ẹ̀gbẹ́ ráútà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ ti ń jókòó. Bí wáyà bá yára tí Wi-Fi kò yára, inú ilé yín ni ìṣòro wà. Bí wáyà náà bá falẹ̀, ẹ so kọ̀ǹpútà tààrà mọ́ módẹ́ẹ̀mù. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ti fi wáyà wọ̀n ọ́n lára módẹ́ẹ̀mù, iye báyìí lẹ rí. Wọn ò ní lè ní kí ẹ lọ gbé ráútà kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù.